Ọwọ́ Àbúrò Nínú Àdàkọ

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní òpùrọ́, ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, ṣọ́ọ̀bù wọn ṣì ń ṣí ní àràárọ̀.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, obìnrin méjì tó ń ya àwòrán ẹ̀yìn ìwé lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n ló ra ẹ̀rọ náà, òun ló sì ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ìka ò dọ́gba, àbúrò ló mọ àwòrán yà. Oníbàárà á kí ẹ̀gbọ́n tán, á wá bi í pé, "Àbúrò yín dà?" Ọdún mẹ́rin rèé. Owú ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ tó ń jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, àbúrò ti lọ ra bébà. Ẹ̀gbọ́n pín ikùn kọ̀ǹpútà, níbi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí, sí méjì. Ó ṣe àdàkọ gbogbo ohun tó wà ní apá kìíní sí apá kejì: ètò tó ń gbé ẹ̀rọ dìde, irinṣẹ́ ìyàwòrán, gbogbo bí àbúrò ṣe tò wọ́n. Ó rò pé bóyá ibẹ̀ ni àṣírí ọwọ́ ọmọ náà wà.

Ó tan ẹ̀rọ. Kò dìde. Ojú rẹ̀ dúdú, ìlà funfun tín-ín-rín kan ń ṣẹ́jú ní kọ̀rọ̀. Fáànù inú rẹ̀ dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n ò mikàn, ó mọ ohun tó fà á: nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà ni apá méjèèjì ń jẹ́, ẹ̀rọ ò mọ èyí tí yóò ṣí. Ó ki fúláàṣì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi gbé e dìde, ó yí nọ́ńbà àdàkọ padà. Nígbà tó tún tàn án, ìlà méjì jáde pé kó yan ọ̀kan: Ti Tẹ́lẹ̀. Tuntun.

Ó tẹ Tuntun.

Àwòrán kan ti wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ kan tó wọ bàtà pupa. Ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ni, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n àbúrò ò ya ewúrẹ́ rí.

Ilẹ̀kùn dún. Olùkọ́ kan wọlé, agboòrùn rẹ̀ ń kán.

"Ẹ káàsán o. Ìwé ọmọdé ni mo kọ. Ìtàn ewúrẹ́ tó ra bàtà."

Ẹ̀gbọ́n yí ojú ẹ̀rọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. "Ẹ padà wá lọ́la," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ewúrẹ́ náà han olùkọ́, olùkọ́ la ẹnu sílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ya èyí?"

"Èmi ni." Inú rẹ̀ dùn, ẹ má parọ́ fún ara yín, tiyín náà ì bá dùn.

Láti ìgbà náà, gbogbo òwúrọ̀ ni Tuntun ń ní àwòrán fún oníbàárà tí ò tíì dé. Tó bá di ọ̀sán, tó kan àbúrò láti lo Ti Tẹ́lẹ̀, ọmọ náà á di máòsì mú, á kàn jókòó.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Báwo la ṣe ń ya ojú?"

"Ṣé o ń ṣeré ni?"

"Mo gbàgbé."

Ó wá yé ẹ̀gbọ́n. Àṣé kì í ṣe àdàkọ lòun ṣe. Ńṣe lòun jí ẹrù ọmọ náà kó, ọmọ tóun fi ẹ̀yìn ara òun pọ̀n.

Nígbà tí àbúrò jáde, ó pa Tuntun rẹ́. Ó tan ẹ̀rọ. Ìlà méjì. Ó tún pa á rẹ́, ó yẹ apá kejì wò, ó ṣófo bí igbá tí a fọ̀. Ó tàn án. Ìlà méjì.

"Àǹtí mi."

Kò gbọ́ ilẹ̀kùn. Àbúrò ti dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kò wo ojú ẹ̀gbọ́n, ìka ẹ̀gbọ́n ló ń wò.

"Àwòrán yín dáa ju tèmi lọ. Mo ń jowú yín." Ohùn rẹ̀ rọ̀ pẹ̀sẹ̀. "Ẹ sún díẹ̀. Èmi náà fẹ́ ṣe àdàkọ."

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ sọ pé rárá. Ó na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ ń tún ṣe, ṣùgbọ́n kò rántí ibi tí wọ́n ń gbà pa á mọ́. Lójú ẹ̀rọ, ìlà kẹta ti yọ, kò sì sẹ́ni tó tíì tẹ nǹkan kan.