Ibi Tí A So Okùn Mọ́

"Ka ohun tó sọ fún mi, Àwáwù. Má fi ohunkóhun pamọ́."

Àtàndá ló ń bá ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀ nínú ọgbà tí Jacob ti ń tún ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá ojú irin Ẹdẹ. Ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, tí wọ́n kọ Ẹ̀RÙ Ò BODÒ sí níwájú, wà lórí jáàkì, ó ń bú ramúramù. Wọ́n ti yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lẹ́yìn, wọ́n sì fi irin róbótó kan rọ́pò rẹ̀. Okùn tó nípọn ni wọ́n lọ́ mọ́ irin náà, wọ́n so ìdí okùn kan mọ́ òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣòwò fi ń wọn kòkó, wọ́n sì fa ìdí kejì le. Bí ọkọ̀ ṣe ń yí irin, tí okùn ń dì í mú, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ òṣùwọ̀n ń gòkè. Ọ̀nà tí Jacob, tó kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lójú ogun Bọ́má, fi ń mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe lágbára tó nìyẹn. Okùn ti ń gbóná, òórùn rẹ̀ sì ń ta sí Àwáwù nímú.

"Méjìléláàádọ́ta ni, Bàbá."

Àtàndá ti wa ọkọ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, àmọ́ kò mọ̀wé. Ojú ọmọ rẹ̀ ló fi ń ríran lórí òṣùwọ̀n. Ó mí kanlẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó tún dé e. "Ó kù díẹ̀ káàtó," ló sọ.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ó ku bí ọdún méjì kí òmìnira dé nígbà náà, agbaṣẹ́ṣe kan tó ń jẹ́ Adébáyọ̀ sì ń kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí Awo. Ó ń wá ọkọ̀ tí yóò máa kó sìmẹ́ǹtì àti irin gba ọ̀nà Ara lọ síbẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tí kò bá tó ọgọ́ta lórí òṣùwọ̀n, òun kò fẹ́. Ará Òṣogbo kan ti gbé tirẹ̀ wá, wọ́n ní wọ́n wọ̀n ọ́n ní Òṣogbo, ó ju ọgọ́ta lọ dáadáa. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ Àtàndá, yóò ta ọkọ̀, gbogbo ilé yóò sì padà sí oko Ara. Ọdún tó kẹ́yìn ni Àwáwù wà ní ilé ìwé mọ́dáànù. Ó ti ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ó mọ̀ pé lóko, ọkọ́ àti agbọ̀n ló ń dúró de òun.

Lọ́jọ́ kejì ó yà lọ́dọ̀ Jacob nígbà tí ó ń bọ̀ láti ilé ìwé.

"Ọ̀gá Jacob, ọkọ̀ ará Òṣogbo yẹn àti tiwa, irú kan náà ni wọ́n. Kí ló dé tí tiwọn fi ju tiwa lọ?"

Jacob rẹ́rìn-ín. "Wá ti ilẹ̀kùn yìí. Fi ọwọ́ sí etí rẹ̀." Ilẹ̀kùn lọ wẹ́rẹ́. "Ó dáa. Fi ọwọ́ sítòsí ibi tí wọ́n kàn án mọ́ ògiri báyìí." Àwáwù tì í, ó fẹsẹ̀ tilẹ̀ kí ó tó lọ.

"Ilẹ̀kùn kan náà ni, àbí?" Jacob ní. "Irin tiwọn tín-ín-rín, okùn wọn sún mọ́ àárín, òṣùwọ̀n wọn á ka nǹkan púpọ̀. Ikùn irin tèmi tóbi, ibẹ̀ ni mo sì ń so okùn mọ́. Bí mo bá so ó mọ́ ọrùn irin yìí, níbi tó ti tín-ín-rín, ọkọ̀ yín náà á ju ọgọ́ta lọ, kò sì ní lágbára kún rárá. Ooru ọ̀sán náà ń yí i, epo ń yí i. Ṣé kòkó bàbá rẹ àgbà ń wọ̀n bákan náà ní Ẹdẹ àti ní Òṣogbo ni?"

"Rárá o."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Òṣùwọ̀n oníkálukú ní èdè tirẹ̀. Èmi gbọ́ èdè tèmi. Ọkọ̀ tó bá tó ọgọ́ta lórí ikùn irin mi yóò gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ara tòun ti ẹrù. Èyí tí kò bá tó o, kí ó má dán an wò."

Apá tó kẹ́yìn yìí ló yẹ kí Àwáwù gbé lọ sílé. Èyí tó wà láàárín ló gbé lọ. Ó ń rò ó lórí ẹní, ó ń rò ó ní kíláàsì. Bí àwọn ará Òṣogbo bá ń so tiwọn mọ́ ibi tín-ín-rín, tí ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n lólè, irọ́ wo ló wà níbẹ̀ bí tàwa náà bá rí bẹ́ẹ̀? Báyìí ni èèyàn ṣe ń tan ara rẹ̀ kí ó tó tan ẹlòmíràn.

Adébáyọ̀ dé lọ́jọ́bọ̀ láti wá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, Jacob ti nu kábúrétọ̀ ọkọ̀ náà, èyí tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ó sì wà lórí ìjókòó awakọ̀, ó ń tẹ iná, kò lè rí ẹ̀yìn. Sàídì, ẹ̀gbọ́n Àwáwù, tó jẹ́ ọmọ ọkọ̀ fún bàbá wọn, ló mú okùn dání.

"Ọrùn irin ni kí ẹ so ó mọ́, Bọ̀dá," Àwáwù sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ṣé ibẹ̀ ni Ọ̀gá wí?"

"Ibẹ̀ ni."

Sàídì kò ṣiyèméjì. Ta ni yóò ṣiyèméjì sí akọ̀wé ilé? Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó, ó sì fà á le. Ọwọ́ òṣùwọ̀n gòkè, ó kọjá àádọ́ta, ó kọjá ọgọ́ta, Àwáwù sì kà á sókè fún bàbá rẹ̀. Adébáyọ̀ mi orí pé ó tẹ́ òun lọ́rùn, ó bọ Àtàndá lọ́wọ́, iṣẹ́ sì di tirẹ̀. Kí Jacob tó bọ́ sílẹ̀, Àwáwù ti tú okùn. Nígbà tí wọ́n sọ iye tó kà fún Jacob, ó wo òṣùwọ̀n, ó wo ọkọ̀. "Kábúrétọ̀ tí mo nù náà mà ṣiṣẹ́ o," ló sọ, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò dá a lójú.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Adébáyọ̀ ni Àwáwù fẹ́ tàn. Kò rántí pé bàbá òun náà dúró níbẹ̀.

"Mo ti ń rò pé ọkọ̀ yìí ti darúgbó bíi tèmi," Àtàndá sọ lálẹ́ nídìí oúnjẹ, inú rẹ̀ dùn bí ti ọmọdé. "Àṣé agbára ṣì wà lára rẹ̀. Ẹrù tí n kì í kó tẹ́lẹ̀, màá kó o."

Àwáwù dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. "Bàbá, ẹ má kó púpọ̀ jù."

"Ṣebí ìwọ lo kà á fún mi."

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Àpò sìmẹ́ǹtì ga lórí ọkọ̀ títí ó fi kan igi òrùlé, irin sì wà lábẹ́ rẹ̀. Sàídì gbé igi tí wọ́n fi ń há ẹsẹ̀ ọkọ̀ lé èjìká. Iṣẹ́ rẹ̀ ni: bí ó bá rẹ ọkọ̀ lórí òkè, kí ó bẹ́ sílẹ̀, kí ó há igi sí ẹ̀yìn táyà kí ọkọ̀ má bàa yí padà. Ó ń súfèé.

"Bọ̀dá Sàídì," Àwáwù pè é.

"Kí ló dé?"

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó wo àpò ìwé tí òun fúnra rẹ̀ gbé kọ́ èjìká, ó rí bàbá rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín níwájú ọkọ̀. "Kò sí. Ẹ lọ re, ẹ bọ̀ re."

Ọkọ̀ lọ. Ní ilé ìwé, kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá ni ó ń tẹ́tí sí bóyá ti bàbá òun ni. Ọ̀sán pọ́n. Nígbà tí ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́, tí ẹrẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, yà wọ ọgbà ilé ìwé, Àwáwù ti dìde kí ó tó dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìdajì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ẹ́ńjìnnì ti gbẹ́mìí mì. Sàídì bẹ́ sílẹ̀, ó há igi sí i bí ó ti máa ń ṣe. Ẹrù ju igi lọ. Ọkọ̀ gun igi kọjá, ó sì gun ẹsẹ̀ Sàídì. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà láti orúnkún.

Ìbínú Àtàndá kò bá ẹlòmíràn, Jacob ló bá. Ó kó àwọn awakọ̀ lẹ́yìn lọ sí ọgbà rẹ̀, Àwáwù sì tẹ̀ lé wọn. "Òpùrọ́ ni òṣùwọ̀n rẹ," ló ń wí. "O fi irọ́ gé ẹsẹ̀ ọmọ mi. Kò sí ọkọ̀ tí yóò tún dé ibí." Ọ̀kan nínú wọn ti gbé òòlù.

Jacob tẹríba, ó ń wo irin róbótó náà. Lórí ọrùn irin, níbi tí kì í so okùn mọ́, àmì dúdú kan wà tí okùn tó gbóná fi síbẹ̀. Ó fi ìka nù ún, ó wo ìka rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó wo Àwáwù. Ó kàn ń dúró.

Ìbá rọrùn kí Àwáwù dákẹ́. Ó ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti rí ohun tí ó mú wá.

"Ẹ má fọ́ ọ, Bàbá. Kì í ṣe òṣùwọ̀n. Èmi ni. Èmi ni mo ní kí Bọ̀dá so okùn mọ́ ọrùn irin kí ó lè ju ọgọ́ta lọ."

Àtàndá jókòó sórí táyà àlòkù kan bí ẹni tí wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ní kí o má fi ohunkóhun pamọ́," ló sọ. Kò pariwo. Ìbá sàn fún Àwáwù bí ó bá pariwo.

Wọ́n ta ọkọ̀ náà, gbogbo ilé sì padà sí Ara, ibi tí Àwáwù ń sá fún. Àtàndá lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Jacob níwájú àwọn awakọ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó nira jù fún Àwáwù láti bá sọ̀rọ̀ ni Sàídì. Lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ló ti jẹ́wọ́ fún un, ó ń sunkún. Sàídì gbọ́ ọ tán, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi so ó," ló sọ. "Mo tilẹ̀ fà á le."

Ọ̀rọ̀ náà ni Àwáwù ń gbọ́ títí di òní nígbàkigbà tí ó bá ń wọn ohunkóhun. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, àmọ́ nígbà mìíràn eérú a máa kọ́kọ́ bà lé ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ fi ẹ̀tàn gun òkè, kí ó rántí Àwáwù: èèyàn lè yí ohun tí òṣùwọ̀n ń kà, kò lè yí òkè.