Rédíò Tó Fi Ogún Ìṣẹ́jú Ṣáájú Wa

Èmi kì í purọ́. Bí mo bá tiẹ̀ fẹ́ purọ́, èyí tó máa ṣe mí láǹfààní ni màá pa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀gàn nìkan ló ti kó bá mi. Àbúrò mi ní oorun ló ń kùn mí. Ẹni tó ta rédíò náà ní mi ò mọ ohun tí mo tẹ̀. Kí wọ́n máa wí. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Kápẹ́ńtà ìsàlẹ̀ ilé wa náà wà níbẹ̀. Ohun tí etí àwa méjèèjì gbọ́ ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Aránṣọ ni mí. Aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni mò ń rán, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi máa ṣú. Yàrá kan ṣoṣo ni èmi àti ìyá mi ń gbé, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí ṣọ́ọ̀bù Kápẹ́ńtà gan-an. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni maṣíìnì mi wà, nítorí ìmọ́lẹ̀. Ibùsùn Màmá wà lẹ́yìn mi. Ojú wọn ti fọ́ láti ọdún mẹ́ta, ẹsẹ̀ wọn kò sì gbé wọn mọ́.

Bí mo bá ń tẹ maṣíìnì, mi ò lè rí wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ìlànà tiwa. Bí mo bá ti rán ibì kan dópin, màá dá ẹsẹ̀ dúró, màá pè: "Màmá!" Wọ́n á ní: "Mo wà o!" Màá tún máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Bíi ogójì ìgbà lóòjọ́. Bí mo bá gbàgbé, wọ́n á bú mi: "Àbí o ti sin mí ni?"

Màmá ló ní àwọn fẹ́ rédíò. Ògbólógbòó tó wà nílé kò ṣe ju kó máa hó lọ. Mo ra tuntun, èyí tó ṣeé gbé kiri, irú tó máa ń kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ rédíò sójú ara rẹ̀. Ọkùnrin tó tà á fún mi wò mí láti òkè délẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá yín tò ó o. Nǹkan ayé òde òní ni."

"Mi ò bímọ," mo ní. "Mo lójú. Gbé ìwé rẹ̀ fún mi."

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí kí n tó mọ ìwé kà. Èmi ni mo kọ́ ara mi, lára ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di aṣọ wá fún mi. Kò sí tíṣà kan tó lè sọ pé òun ló ṣe é. Ìwé rédíò yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Bátìrì mẹ́rin. Fa ọ̀pá irin rẹ̀ jáde tán. Tẹ bọ́tìnnì ńlá, má gbé ọwọ́ kúrò títí ojú rẹ̀ á fi mọ́lẹ̀. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà ń gòkè lójú rẹ̀: mẹ́ta, mẹ́sàn-án, mẹ́rìnlá, mọ́kànlélógún. Ó dúró. Mo ti ń fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó tún fò sí méjìlélógún.

Mọ́kànlélógún ló lórúkọ. Ìkejìlélógún kò ní. Ìlà kékeré kan ló wà níbi tí orúkọ yẹ kó wà.

Mo tẹ̀ ẹ́. Kò hó. Ó kàn dákẹ́, ṣùgbọ́n kò dákẹ́ bí ibi tí kò sí nǹkan. Ó dákẹ́ bíi yàrá tí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Mo sì rí aago kékeré tó wà nígun ojú rẹ̀ tó fi ogún ìṣẹ́jú fò síwájú. Mo yí i sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, aago padà sípò. Mo yí i padà, ó tún fi ogún ìṣẹ́jú ṣáájú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé e tọ ọkùnrin náà lọ.

"Aago rẹ̀ ń ṣìnà."

"Màmá, rédíò yìí kò ní aago tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ẹ bá ń gbọ́ ló ń fún un ní aago."

"Ilé-iṣẹ́ wo ni aago tiwọn fi ogún ìṣẹ́jú ṣáájú ti gbogbo ayé?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti tẹ ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ tẹ̀ ni. Mo ṣáà ní kí ọmọ yín bá yín tò ó."

"Mo ní mi ò bímọ!"

Ọlọ́run nìkan ló gbà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Màmá ní, "Gbé e sí èyí tó dákẹ́ yẹn."

"Kí lẹ fẹ́ gbọ́ níbẹ̀?"

"Obìnrin kan ń ránṣọ níbẹ̀."

Mo ní maṣíìnì tèmi ni wọ́n ń gbọ́. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò kí n lè fi hàn wọ́n. Maṣíìnì mi dákẹ́. Ti inú rédíò kò dákẹ́. Taka-taka-taka. Lẹ́yìn gbogbo ìyípo mẹ́ta, ó ń han fín-ín. Tèmi náà ń han bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì jẹun mọ̀ pé kò sí méjì tó ń han bákan náà.

Nínú rédíò, àlùmọ́gàjí jábọ́ sílẹ̀. Fóònù dún. Ohùn obìnrin kan sì ní, "Ìwọ àti ìwé rẹ, ẹ jọ lọ sùn!"

Ohùn mi ni.

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "O gbọ́ ọ? Ó tún rorò bíi tìẹ."

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo kàn ń ránṣọ lọ, kí n má bàa ronú. Àlùmọ́gàjí yọ̀ bọ́ lórí itan mi, ó ró sílẹ̀. Fóònù dún. Àbúrò mi ọkùnrin ni, tíṣà àgbà, ẹni tí ẹsẹ̀ mi yìí rán níléèwé.

"Àǹtí mi, mo gbọ́ pé ẹ ra rédíò ńlá. Ta ló wá bá yín ka ìwé rẹ̀?"

Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là. "Ìwọ àti ìwé rẹ, ẹ jọ lọ sùn!"

Mo gbójú wo aago ògiri. Ogún ìṣẹ́jú ti pé gééré.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò jù ú nù. Màmá ni kò gbà. Wọ́n ní ó ń bá àwọn kẹ́gbẹ́. Mo sì ti ní mi ò ní purọ́: ó wúlò fún èmi náà. Mo ń gbọ́ òjò kó tó rọ̀, mo ń sáré ká aṣọ tí mo sá. Ọjọ́ méjì ni mo fi jẹ àǹfààní yẹn.

Ó di Ọjọ́bọ̀, ní ọ̀sán. Gbogbo ará ilé ti lọ síbi iṣẹ́. Òjò ṣú, kò rọ̀. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Aago ògiri wà ní mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ti rédíò wà ní mẹ́ta ààbọ̀. Mò ń rán apá aṣọ nọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́. Nínú rédíò, maṣíìnì dúró.

"Màmá!"

Ohùn mi. Mo ń retí ìdáhùn. Kò sí.

"Màmá!"

Kò sí.

"Màmá o!"

Àga ṣubú. Ẹsẹ̀ ènìyàn ró lẹ́ẹ̀mẹta péré, bí ibùsùn ṣe jìn sí maṣíìnì. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde, irú èyí tí mi ò mọ̀ pé ọ̀fun mi lè gbé. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Mo yíjú sẹ́yìn. Màmá wà lórí ibùsùn, wọ́n tẹ́tí sí rédíò.

"Kí ló ṣe obìnrin yẹn?"

"Orin ni wọ́n ń kọ, Màmá."

"Orin burúkú ni o."

Mo fọwọ́ kan àyà wọn. Ó ń lù dáadáa. Iwájú orí wọn kò gbóná. Ilé ìwòsàn sì jìnnà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bí mo ṣe máa ń ro aṣọ kí n tó gé e. Yàrá yìí ni rédíò ń gbọ́. Àga mi ni, ibùsùn wọn ni. Bí kò bá sí ènìyàn nínú yàrá, ta ló máa pè? Ta ni kò ní dáhùn?

Mo yọ bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo jù wọ́n sápò. Mo fi apá aṣọ sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ní ìdajì. Mo kígbe sísàlẹ̀: "Kápẹ́ńtà! Ẹ wá bá mi gbé Màmá!"

Ó sáré gòkè, ìyẹ̀fun igi kún irun rẹ̀. "Ṣé ilé ń jó ni?"

"Ẹ ṣáà gbé wọn. Ẹ má bi mí ní nǹkan kan."

Ó gbé wọn pọ̀n. "Màmá, ẹ ò wúwo rárá."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún," ni Màmá ní. "Àga tí o ti ń kàn fún mi láti ọdún wo dà?"

Mo ti ìlẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́. A gbé Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù, láàárín òórùn pákó àti gúlúù. Mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní kí Kápẹ́ńtà má fi ayùn rẹ́ nǹkan kan. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ku méjì.

Ní aago mẹ́ta ààbọ̀, lókè orí wa, taka-taka-taka.

Kápẹ́ńtà wòkè. "Ta lẹ fi sílẹ̀ nínú yàrá?"

Mo ṣí àtẹ́lẹwọ́, mo fi kọ́kọ́rọ́ hàn án.

Maṣíìnì dúró.

"Màmá!"

Láti òkè ló ti wá. Kápẹ́ńtà kọ́kọ́ wo ẹnu mi. Ẹnu mi pa dé.

Màmá gbé orí sókè. Mo rí i tí ètè wọn ń là. Mo fi ọwọ́ bò ó.

"Màmá!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já ọwọ́ mi kúrò. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ṣì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i.

"Màmá o!"

Àga ṣubú. Ẹsẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ohùn yẹn. Kápẹ́ńtà fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Ilé wá dákẹ́. Mo gbé ọwọ́ kúrò. Omi ń bọ́ lójú Màmá.

"Kí ló dé tí o bo ẹnu mi? Ó ń pè mí. Ó ń sunkún."

"Màmá, èmi rèé. Mo wà lọ́dọ̀ yín."

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ń wá ojú mi. Iwájú orí. Imú. Àgbọ̀n. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń fọwọ́ yẹ aṣọ wò bóyá ó ya níbì kan.

"O jọ ọ́," wọ́n ní.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, àga mi ti dojú bolẹ̀. Apá aṣọ tí mo fi sílẹ̀ ní ìdajì ti parí. Ẹni tó rán an fi eyín gé òwú rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń gé e nìyẹn. Bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbóná lápò mi.

Mo gbé rédíò padà fún ọkùnrin náà. Ó ní òun kì í gba ọjà padà. Mo gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo jáde. Àbúrò mi ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún mi. Mo ní, "Kápẹ́ńtà ń kọ́? Ṣé òun náà sùn lọ ni?" Ó yí ọ̀rọ̀ padà. Kápẹ́ńtà fúnra rẹ̀ kó kúrò lábẹ́ wa kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Kò dágbére.

Màmá kò kú. Ẹ má wulẹ̀ kí mi kú ọ̀fọ̀. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bú mi. Ṣùgbọ́n láti Ọjọ́bọ̀ yẹn, bí mo bá pè wọ́n, wọn kì í dáhùn. Màá yíjú padà, wọ́n á wà níbẹ̀, wọ́n á máa mí. Ìgbà tí mi ò pè wọ́n, tí mo ṣì wà láàárín iṣẹ́, ni wọ́n á ní, "Mo wà o!"

"Màmá, mi ò pè yín."

"O pè mí."

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan kí n tó rántí aago. Bí wọ́n bá ti ní àwọn wà, tí ogún ìṣẹ́jú bá ti pé, mo máa ń pè wọ́n. Kò yẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan mo ní mi ò ní pè. Mo pa ẹnu dé, mo ń wo aago. Bó ṣe pé ogún ìṣẹ́jú gẹ́lẹ́, abẹ́rẹ́ wọ inú ìka mi, mo sì pariwo: "Màmá!"

Gbogbo ìpè tí mo pè láti ìgbà náà, wọ́n ti dá mi lóhùn sílẹ̀ ṣáájú.

Lónìí, láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, Màmá kò tíì ní, "Mo wà o!" Bí mo bá pè wọ́n báyìí, kò sí ìdáhùn nílẹ̀ fún un. Wọ́n mu tíì wọn tán, wọ́n kọjú sí ògiri. Aṣọ mẹ́fà wà nílẹ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ wá gbà. Kí wọ́n máa retí. Mo ti kó gbogbo abẹ́rẹ́ sínú agolo, mo ti dé e. Mo ti yí àga mi padà, mo kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Mò ń wo aṣọ tí Màmá fi bora, bó ṣe ń gòkè, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Mi ò ní pè wọ́n.