Ta Ló Ṣì Ń Gbọ́ ní Àsin?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó tún jí wa sáyé. Ìtàn tí mo mú wá korò. Ẹ bá mi fara balẹ̀ gbà á.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ni wọ́n bá òkú Ẹ̀ńjíníà Kọ́ládé nínú yàrá ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìkọ̀lé. Wọ́n ti fi sípánà fọ́ ọ lórí. Òun ló ń fi ìsìn ránṣẹ́ lórí ìlà íńtánẹ́ẹ̀tì sí ìjọ Ifisin àti Ayégbajú. Ọwọ́ Oyin tó ń bá a ṣiṣẹ́ nìkan ni kọ́kọ́rọ́ kejì yàrá náà wà. Oyin ní ìdí jẹnẹrétọ̀ lòun wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí i níbẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Àrìnkẹ́ Ògúntádé kọ́kọ́ lọ bá Súnkànmí, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ olóògbé, tó sì ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án.

"Níbo lo wà lásìkò ìsìn?"

"Àsin, mà. Mò ń dán ìlà tuntun ibẹ̀ wò. Èmi nìkan ni mo jókòó ti kọ̀ǹpútà mi, n kò sì gbójú kúrò lára ìsìn náà títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ẹ bi Oyin, ààyò ọ̀gá."

"O ń jowú ni?"

"Uṣẹ́ ni mo mọ̀, mà."

Àrìnkẹ́ kọjá sí àtìmọ́lé. Ojú Oyin ti wú.

"Ṣé gbogbo ibi tí ẹ na ìlà dé ni ìsìn ń dé?"

"Rárá, mà. Ìlà Àsin tín-ín-rín. Ẹni tó bá béèrè nìkan ni ráútà, ẹ̀rọ tó ń darí ìlà, ń fi í ránṣẹ́ sí. Ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, á tún bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń gbọ́. Ẹni tí kò bá dáhùn, á dá ìsìn dúró fún un, ṣùgbọ́n kò ní yé béèrè. Gbogbo rẹ̀ ló sì ń kọ sílẹ̀."

"Ta ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Bọ̀ọ̀dá Súnkànmí. Ọ̀gá yìn ín lójú gbogbo ìjọ nítorí ẹ̀."

Lọ́sàn-án, Àrìnkẹ́ pe Súnkànmí sí yàrá ẹ̀rọ, ó tẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ ráútà síwájú rẹ̀.

"Aago mẹ́sàn-án ni kọ̀ǹpútà rẹ béèrè ìsìn ní Àsin. Nígbà tó di ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, ráútà béèrè, kò gbọ́ èsì. Ní mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, kọ̀ǹpútà kan náà tún béèrè, láti inú yàrá yìí. Ìwọ lo gbé e wá. Kò sẹ́ni tó fọ́ ilẹ̀kùn, torí ọ̀gá rẹ ló ṣí i fún ọ. Ètò tó tú ọ fó yìí, ìwọ fúnra rẹ lo ṣe é."

Súnkànmí ti ìwé náà sẹ́yìn.

"Mo wá fi hàn án pé Àsin ti ń gba ìsìn. Kò tiẹ̀ wò ó. Ó ní kí n lọ fi han Oyin, pé Oyin ni ọ̀gá mi láti oṣù tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án, mà. Sípánà ló sún mọ́ ọwọ́ mi."

Wọ́n tú Oyin sílẹ̀. Ó wọ yàrá náà, ṣùgbọ́n kò lè jókòó lórí àga ọ̀gá rẹ̀. Ráútà ṣì ń béèrè lọ́wọ́ Àsin ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ìwọ tó ka èyí, kí Olúwa má jẹ́ kí inú rẹ korò sí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má sì jẹ́rìí takò ọ́ láé. Àmín.