Òjá Tó Di Okùn Ìjọba

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú olè gidi, Ìyá Aránṣọ wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó sì gbọ̀nà kóòtù lọ láti mú ọmọ rẹ̀ bọ̀ wálé. Bíríkìlà lọmọ náà. Láti ìgbà òjò ló ti wà látìmọ́lé, tòun tikọ́, nítorí olè tí kò jà. Olè ti wá jẹ́wọ́. Ó ku kí adájọ́ fọwọ́ síwèé.

Ṣùgbọ́n láyé Òyìnbó amúnisìn yẹn, ìwé ẹjọ́ kì í dé iwájú adájọ́ àfi tí wọ́n bá fi okùn aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ dì í. Akọ̀wé àgbà jókòó, kọ́là rẹ̀ le bíi pákó, ìwé ga níwájú rẹ̀ dé àgbọ̀n.

"Ẹ kú ìjókòó, ọ̀gá akọ̀wé. Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ẹ káàbọ̀, màmá. Okùn pupa ló tán."

"Ẹ ra òmíràn."

"Ìwé tí a ó fi rà á ti wà ńlẹ̀. Adájọ́ ni yóò fọwọ́ sí i."

"Ẹ gbé e fún wọn nígbà náà!"

"A ò tíì dì í ni, màmá."

"Kí lẹ fẹ́ fi dì í?"

"Okùn pupa."

"Háà! Ilé ń jó, ẹ ní kí iná ṣe sùúrù! Ṣé kí n lọ bí okùn náà ni?"

"Òfin ni, màmá. Èmi kọ́ ni mo ṣe é."

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn ògiri, níbi àtìmọ́lé. Kò síyàá tí kò mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀. Sùúrù Ìyá Aránṣọ já. Ó tú òjá pupa tó fi gbàdí, èyí tó fi pọn ọmọ náà láti ìkókó títí tó fi rìn. Ó wé e mọ́ ìwé ẹjọ́ náà gbọningbọnin, bí ẹni ń pọn ọmọ tí ń sunkún.

"Ó ti dì. Ẹ gbé e wọlé."

Akọ̀wé wo òjá, ó wojú ìyá. Àwọ̀ ni òfin sọ, kò sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó. Ó gbé e wọlé.

Kí oòrùn tó wọ̀, bíríkìlà jáde, ó gbẹ bí igi ìdáná. Ìyá gbá a mọ́ra, ó fọwọ́ wo ọrùn rẹ̀ bóyá ó gbóná, kó tó yíjú padà sí akọ̀wé.

"Òjá mi ńkọ́?"

"Ó ti di ti ìjọba, màmá. Ẹ kọ̀wé béèrè."

"Kí lẹ ó fi dì í?"

Akọ̀wé ṣí àpótí tí okùn pupa máa ń wà, ó tún pa á dé.

Títí dòní, bí òfin tí kò lórí tí kò nídìí bá dáni dúró ní ọ́fíìsì, rẹ́ẹ̀dì téèpù ni Òyìnbó ń pè é, okùn pupa, nítorí okùn ìdìwé ayé ọjọ́un. Nígbà tí bíríkìlà bímọ, aṣọ funfun ni ìyá àgbà fi pọn ọ́n. Òjá pupa wà ní yàrá ìkówèésí kóòtù, ó ṣì pọn ẹjọ́ tó ti parí, kò sì sẹ́ni tó láṣẹ láti sọ ọ́ kalẹ̀.