Iná Ẹnu Géètì Alhaja

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Rídwàn fojú kan Hikmat, orí dẹ́kìn ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán níwájú ilé wọn ló wà, ó fi ìborùn bo orí ara rẹ̀ àti kámẹ́rà pọ̀, bí aláìsàn ibà tó ń fa oru àgbo. Rídwàn rò pé olè ni. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

"Ta nìyẹn?"

Ìborùn ṣí. Ojú tó yọ rẹwà, ṣùgbọ́n inú ń bí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì yẹn! Ti iná ẹnu géètì yín gan-an ò tíì tán lára mi. Ó ń ba àwọn ìràwọ̀ mi jẹ́."

"Ìràwọ̀ yín? Ìgbà wo lẹ rà wọ́n?"

Ó fẹ́ bínú sí i, ẹ̀rín ló pa á. Ó ní kó gòkè wá wò ó.

Fọtógíráfà ni Hikmat. Fọ́tò ìyàwó àti ti ìkómọ ló ń yà jẹun l'Ọ́fà, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni àwọn ìràwọ̀ kan tó ṣù jọ bí òròmọdìẹ lábẹ́ ìyá wọn. Ìkùukùu búlúù kan yí wọn ká, ó fúyẹ́ débi pé ojú lásán kò lè rí i. Fọ́tò kan kò lè mú un. Èèyàn gbọ́dọ̀ ya ọ̀pọ̀ lálaalẹ́, kó wá kó gbogbo rẹ̀ lé ara wọn nínú kọ̀ǹpútà. Ọyẹ́ sì ti ń bọ̀. Tí eruku rẹ̀ bá fi lè bo ojú ọ̀run, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

"Ẹ bá mi pa iná yẹn fún wákàtí kan lẹ́yìn ìrun ìṣáì," ó bẹ̀ ẹ́. "Ṣé inú ò ní í bí àwọn ará ilé yín?"

Rídwàn mọ̀ pé kò ṣeé ṣe. Látìgbà tí olè ti fọ́ ilẹ̀kùn wọn nínú òkùnkùn ni ìyá rẹ̀, Alhaja, kì í ti í fẹ́ kí iná yẹn kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọkùnrin ṣe ń rí tó bá ti rí ojú tó wù ú. "Kò sí wàhálà," ó ní. Ó sì lọ parọ́ fún ìyá rẹ̀ pé bátìrì sólà ló ń kú.

Inú òkùnkùn yẹn ni ìfẹ́ wọn ti gbilẹ̀. Lálaalẹ́, Rídwàn á gbé àpótí ìjókòó gòkè.

"Rọra, o máa mi kámẹ́rà."

"Àyà mi ló ń lù, olólùfẹ́ mi, kì í ṣe ẹsẹ̀ mi."

Hikmat á rẹ́rìn-ín, fọ́tò á bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn Rídwàn kò balẹ̀ rárá. Fèrèsé ìyá rẹ̀ ló ń wò ṣáá.

Lọ́jọ́ kan, kí ilẹ̀ tó ṣú, Hikmat ní kóun yà kí Alhaja. Ó bá a tó ń fi ara ti tábìlì sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Kí lẹ ń ṣe, mà?"

"Bátìrì wa ló bàjẹ́, ọmọ mi. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí, ńṣe ni mò ń ti ara mi mọ́lé. Mi ò ní í mí kanlẹ̀ títí tíná á fi tàn."

Ká ní Hikmat dákẹ́, ta ni ì bá mọ̀? Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, mà. Bátìrì ò bàjẹ́. Torí fọ́tò tèmi ni Rídwàn ṣe ń paná. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín."

Alhaja nawọ́ sí ilẹ̀kùn. "Ọmọ tí mo bí ló ń fi òkùnkùn há mi mọ́lé. Dìde, máa lọ."

Hikmat kò gun dẹ́kìn mọ́. Nígbà tí Rídwàn pè é, ẹkún ló fi dá a lóhùn: "Mi ò lè fẹ́ ọ lórí ẹ̀rù ìyá rẹ." Rídwàn dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láàárọ̀, ó tún dọ̀bálẹ̀ lálẹ́, Alhaja kọ ẹ̀yìn sí i. Rídwàn kò rí oorun sùn mọ́. Ó dá a lójú pé ó ti pàdánù Hikmat.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ Alhaja lọ́kàn. Ọmọ tirẹ̀ ló parọ́ fún un, ọmọ ọlọ́mọ ló sọ òótọ́.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń gbẹ ètè, ó ránṣẹ́ pe Hikmat lálẹ́ ọjọ́ kan.

"Fọ́tò yẹn, ṣó ti pé?"

"Kò tíì pé, mà. Ìkùukùu rẹ̀ ò tíì hàn dáadáa."

"Gbé kámẹ́rà rẹ."

Rídwàn fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ gun dẹ́kìn. Alhaja jókòó, ó fa ìborùn mọ́ra.

"Rídwàn, lọ paná yẹn."

"Mọ́mì, ẹ má—"

"Mo ní kó o lọ pa á. Ìwọ ọmọ yìí, jókòó tì mí."

Iná kú. Alhaja gbá ọrùn ọwọ́ Hikmat mú, èékánná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́ lára. Ó ń mí gúlegúle, ètè rẹ̀ ń ṣe àdúà. Hikmat ò mira. Ó gbàgbé kámẹ́rà. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú ọ̀run ń kún. Alhaja gbórí sókè.

"Àwọn tó ṣù jọ yẹn ni?"

"Àwọn ni, mà."

"Látìgbà tí wọ́n ti jà mí lólè, mi ò gbójú sókè lálẹ́ mọ́." Ó yíjú sí Hikmat. "Kí ni oríkì rẹ?"

"Àbẹ̀kẹ́, mà."

"Àbẹ̀kẹ́, sọ fún àwọn òbí rẹ pé à ń bọ̀ wá kí wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Rídwàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè fò sókè, ó fẹsẹ̀ janlẹ̀.

"Rọra," ni Hikmat wí, "o máa mi kámẹ́rà."

"Ya fọ́tò rẹ," ni Alhaja wí. "Ọwọ́ kan á tó ọ, àbí? Mi ò tíì lè fi èyí tí mo dì mú sílẹ̀."

Ọwọ́ kan ṣoṣo ni Hikmat fi yà á.