Ẹsẹ̀ Ìyá Ìbejì

Ẹ jókòó kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ilé kan ni l'Ágbowó, lọ́dún 1994, ibẹ̀ ni Àjàgbé kú sí. Alábàárù ni lọ́jà Bódìjà, ẹni tó ń gbé àpò ẹ̀wà sọ́rùn bí ẹni gbé ọmọ. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ẹ̀yìn ń dùn ún, ló bá di pé ẹsẹ̀ méjèèjì kú. Orí ẹní ló ń tọ̀ sí. Ẹ̀yìn ẹ̀ jẹrà, òórùn ẹ̀ ń gba ojú fèrèsé jáde. Ibẹ̀ ló kú sí.

Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan tó pa á. Ṣùgbọ́n gbogbo ará ilé mọ ẹni tó pa á.

Zùwáírátù ni, arúgbó tó ń ta ògì lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Ó bí ìbejì, ẹ sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ ìyá ìbejì ni wọ́n fi ń tẹ ẹ̀yìn tó bá ń dunni. Kò sí ẹ̀yìn tí kò tíì tẹ̀ ládùúgbò yẹn. Àmọ́ nígbà tó fọwọ́ ba ti Àjàgbé, ó ní òun ò tẹ̀ ẹ́.

"Egungun yìí yọ gongo," ló wí. "Ó ń húkọ́, ó ń làágùn nírọ̀lẹ́, ó ń rù. Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù."

Gbádérọ̀, àbúrò Àjàgbé, pòṣé. "Ìyá, ẹ tẹ ti gbogbo ayé, ti ẹ̀gbọ́n mi lẹ wá ń ṣe fáàrí sí." Ló bá gun ẹ̀yìn náà fúnra ẹ̀. Gbogbo ilé gbọ́ kàù. Àjàgbé ò dìde mọ́.

Wọ́n gbàgbé kàù yẹn o. Wọ́n ní ìyá kọ̀ ọ́ torí pé ó ti ń jẹ ẹ̀yìn náà lọ́wọ́. Lékeléke kan ń bà sórí páànù ẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n ní ẹyẹ ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n da ìtọ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀, wọ́n tutọ́ sínú ògì ẹ̀. Àwọn tí ìyá mọ èéwo ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni o.

Ìgbà tó yá, ẹ̀yìn Ràfátù, ìyàwó òkú, náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

"Ìyá, ọkọ mi ò yó yín?" ló bi í lójú agbo.

"Ikọ́ tí ọkọ ẹ ń hú lò ń hú yẹn. Lọ sọ́sibítù."

Gbádérọ̀ ní tó bá di Jímọ̀, àwọn ò fẹ́ rí ìyá nílé bàbá àwọn mọ́. Ilé tó ti ń háyà yàrá látìgbà táwọn ìbejì ẹ̀ ń rá. Yàrá kan ṣoṣo ni Kẹ́hìndé ẹ̀ ní ní Ṣàngó, tòun tìyàwó tọmọ. Níbo ló fẹ́ forí lé?

Ẹ̀rù ba Ràfátù, ó yọ́ lọ sọ́sibítù ní Jericho. Ọjọ́ Jímọ̀ ló dé, bí ìyá ṣe ń di ẹrù. Kò le wojú ẹ̀.

"Wọ́n ya fọ́tò egungun mi," ló wí. "Ikọ́ ife ni. Wọ́n ní ó máa ń wọ egungun ẹ̀yìn, á máa jẹ ẹ́ bí ikán. Oògùn wà fún un. Mo ròyìn bí ẹsẹ̀ ọkọ mi ṣe kú, wọ́n ní ta ló gùn ún lẹ́yìn."

Gbádérọ̀ ń nu òógùn.

"Ìyá, ẹ tú ẹrù yín, ẹ má bínú," ló wí. Ó wá di ìbàdí mú. "Ẹ̀yìn tèmi náà ò jẹ́ n sùn. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ díẹ̀."

Ló bá bọ́ṣọ, ó dojú bolẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gan-an. Zùwáírátù wo ẹ̀yìn náà, tòógùn tèérí. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Gbogbo wọn ń wò ó.

Ó ré e kọjá, ó gbé ẹrù ẹ̀ sórí, ó dá takisí Ṣàngó dúró.