Àwọ̀ Kì í Ṣe Àwọ̀n

"Wò ó, ó tún ti pupa!"

Péńpé sún mọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Apá irin kan nà jáde lára ògiri lójú kọ̀ǹpútà náà. Gbogbo ara rẹ̀ dúdú bí aró, àfi igun kan ṣoṣo tí irin ti yà kúrò lára ògiri. Igun yẹn pupa fòò bí ẹ̀yinná.

Ọmọkùnrin tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ẹlẹ́rìn-ín. Tó bá ti rẹ́rìn-ín báyìí, kòtò kékeré kan á yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, Péńpé á sì gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n wà, lẹ́yìn ilé ìwé. Àǹtí Ẹnjiníà ló ń kọ́ wọn ní ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń dán irin wò kí wọ́n tó rọ ọ́. Wọ́n á ya irin náà, wọ́n á ta àwọ̀n bò ó, ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan á sì ṣírò ìnira tó wà níbi tó bò. Ibi tó bá dúdú bí aró, irin ń sinmi níbẹ̀. "Ibi tó bá pupa," Àǹtí máa ń sọ, "ibẹ̀ ni irin ti ń sunkún. Ẹ gbọ́ ẹkún rẹ̀ kó tó di ẹkún tiyín."

Iṣẹ́ tí Àǹtí fún wọn ni apá irin tí aláìlera lè dì mú láti dìde lórí ibùsùn. Méjì méjì ni wọ́n pín wọn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá yege yóò wọ kíláàsì àgbà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí afárá ṣe ń dúró. Ṣùgbọ́n ti Péńpé kọjá kíláàsì àgbà. Ìbàdí ń dun Ìyá Àgbà nílé, wọn ò lè dìde láìjẹ́ pé ẹlòmíì fà wọ́n. Bọ̀dá Wẹ́dà, ẹ̀gbọ́n Péńpé, ti ṣèlérí pé apá tó bá yege lòun máa rọ fún wọn.

"Sún díẹ̀, kí n fi idán hàn ọ́," Ẹlẹ́rìn-ín wí. Ó tẹ ibì kan, ó yí òǹkà kan padà. Wàì! Pupa náà pòórá. Gbogbo irin tutù minimini.

"Kí lo ṣe?"

"Mo gbé òǹkà tí pupa ti ń bẹ̀rẹ̀ sókè ni. Ṣebí Àǹtí ní tí pupa bá ń yọ wá lẹ́nu, ká tún àwọ̀n wa ta? Èmi tún àwọ̀ ṣe. Àwọ̀, àwọ̀n, kí ni ìyàtọ̀? Imú lásán la fi ń pe ìkejì."

Péńpé bú sẹ́rìn-ín. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín?

"Àti pé Àǹtí fúnra wọn sọ pé igun mímú máa ń parọ́ lórí kọ̀ǹpútà," ó ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Jẹ́ ká fi ránṣẹ́, arẹwà. Èmi pẹ̀lú ẹ ní kíláàsì àgbà, ṣé o ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ ẹ débi pé àyà rẹ̀ ń lù kìkì. "Jẹ́ kí n gbé e lọ sílé ná," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Nílé, ó gbé kọ̀ǹpútà náà síwájú Ìyá Àgbà lórí ibùsùn. Ìyá Àgbà wá awò ojú wọn kàn, wọ́n sì tẹjú mọ́ ọn.

"Ó mà dára o! Pupa tó ń dà ọ́ láàmú lánàá ti lọ. Ẹ ti tún irin náà ṣe nìyẹn?"

"Rárá, mà. Àwọ̀ rẹ̀ la yí padà."

"Irin wá ńkọ́?"

"Irin... bó ṣe wà náà ló wà, mà."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ibùsùn fi ń mì. "Háà! Tí mo bá fi àtíkè kun ojú, ṣé ìbàdí mi á wá máa fò ni? Ta ló kọ́ ọ ní irú èyí? Ẹlẹ́rìn-ín tó wá síbí níjọ́sí ni? Ẹ̀rín ọmọ yẹn pọ̀ ju eyín ẹ̀ lọ."

"Ìyá Àgbà!" Péńpé fi ọwọ́ bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wo ọwọ́ arúgbó náà tó di etí ibùsùn mú, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ló máa rọ̀ mọ́ irin náà láràárọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kò jẹ́ kí Ẹlẹ́rìn-ín jókòó tán kó tó sọ̀rọ̀. "Mi ò ní fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí igun bá ń parọ́, ká wádìí rẹ̀. Ká má bò ó lẹ́nu."

"Nítorí igun kan ṣoṣo?"

"Igun tí ìyá ìyá mi máa rọ̀ mọ́ ni."

"Ó dáa. Ìwọ àti igun rẹ, ẹ máa fẹ́ra yín lọ." Ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mìíràn níwájú, ó sì fi ẹ̀dà iṣẹ́ tútù minimini náà ránṣẹ́ ní orúkọ ara rẹ̀. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó dun Péńpé wọra. Àmọ́ kì í ṣe ẹni tí ń sunkún níwájú kọ̀ǹpútà. Omi ò dáa fún bọ́tìnnì. Ó dá pupa padà síbi tó yẹ, ó sì sọ ojú àwọ̀n di kéékèèké ní igun náà. Òǹkà ìnira gòkè. Ó tún sọ ọ́ di kéékèèké sí i. Ó tún gòkè. Ńṣe ló ń gùn bí ọ̀bọ tó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó tọ Àǹtí lọ.

"Àǹtí, kò fẹ́ dúró. Ṣé irọ́ ni pupa yìí lóòótọ́?"

"Òǹkà yẹn ni irọ́," Àǹtí dáhùn. "Igun tó o yà mú ju igun èyíkéyìí láyé lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi lópin. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọ̀n ń nawọ́ sí kì í ṣe irọ́. Sọ igun náà di roboto bí ìgbọ̀nwọ́, kó o wá tún bi àwọ̀n léèrè. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba."

Péńpé sọ igun di roboto. Ó ta àwọ̀n, ó tún un ta, ó sọ ojú rẹ̀ di wẹ́wẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, òǹkà náà gòkè díẹ̀, ó sì dúró, bí ọmọ tó yó. Pupa kù níbẹ̀, ṣùgbọ́n pupa òótọ́ ni. Ó fi irin onígun mẹ́ta ti igun náà nídìí. Pupa di òféèfèé, òféèfèé di àwọ̀ ewé. Kò sì fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń yí àwọ̀.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Bọ̀dá Wẹ́dà ti rọ apá méjèèjì, ti Péńpé àti ti Ẹlẹ́rìn-ín, ó sì ti dè wọ́n mọ́ ògiri. Àpò iyanrìn ni wọ́n fẹ́ gbé kọ́ sára wọn láti dán wọn wò. Apá Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Àpò kan, kò ṣe nǹkan. Òmíràn, ó tẹ̀ díẹ̀. Wọ́n tún gbé òmíràn kọ́ ọ.

Kẹ̀ẹ́!

Igun náà là, ibi tó pupa yẹn gan-an. Àwọn àpò jábọ́ sílẹ̀ gbì! Eruku sọ.

Wọ́n kó àpò wọ̀nyẹn kọ́ apá Péńpé, wọ́n tún fi kún un. Irin ò mira.

"Ó jọ pé aláìgbọràn ni tiẹ̀ o, àbúrò," Bọ̀dá wí, "a ní kó ṣẹ́, kò ṣẹ́!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé irin tó là sókè. "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ká ní èèyàn ló rọ̀ mọ́ èyí ńkọ́? Ẹlẹ́rìn-ín, wàá tún kíláàsì yìí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Péńpé, kíláàsì àgbà ń dúró dè ọ́."

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, Ẹlẹ́rìn-ín wá dúró níwájú rẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. "Jọ̀ọ́, má bínú. Ṣé wàá kọ́ mi bí igun ṣe ń di roboto?" Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kòtò yẹn sì yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Àyà Péńpé ṣì lù kìkì. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

"Màá kọ́ ọ. Ojú àwọ̀n la ó máa wò o, a ò ní máa wojú ara wa. Tó o bá mọ̀ ọ́n tán, ká wá sọ ti ẹ̀rín."

Lọ́jọ́ tí Bọ̀dá de apá náà mọ́ ògiri nílé, Ìyá Àgbà dì í mú, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì dìde. Kò sẹ́ni tó fà wọ́n. "Ẹ wá wò ó," wọ́n kígbe, "ìbàdí mi ń fò, mi ò sì kun àtíkè!"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ lè lẹ́wà, ohùn rẹ̀ sì lè dùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹrù bá dé, irin kì í wo àwọ̀ tí wọ́n kùn ún. Ẹ tún àwọ̀n yín ta. Ìfẹ́ tó bá jẹ́ òótọ́ á dúró dè yín kẹ́ ẹ tà á tán.